Ohùn Ibi Iṣẹ́ Bá Mi Délé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Èmi ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ gba ọmọdé tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé. Bí àwọn òṣìṣẹ́ náà bá dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń sunkún. Màá bu omi fún wọn, màá ní, "Mo ń gbọ́ ẹ. Ṣé ààbò wà níbi tí ọmọ náà wà báyìí?" Omijé tèmi ti gbẹ tipẹ́, "Àpáta" ni wọ́n ń pè mí.

Lánàá, àbíkẹ́yìn mi sunkún wọlé. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ já a jù sílẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti bu omi. "Mo ń gbọ́ ẹ. Ṣé ààbò wà níbi tí o wà báyìí?"

Ó wò mí. "Mọ́mì, iwájú yín ni mo wà."

Ẹ̀yin ìyá tó ń gbọ́ ètò yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ fún ọmọ yín tó bá ń sunkún? Mo ti gbàgbé.