Lẹ́tà Aláwọ̀ Wúrà Lórí Ibojì Ìyá Wa

Oyèwálé,

Ọ̀rẹ́ ìyá wa, Màmá Bọ́ládélé, ti Ìnísà wá láàárọ̀ yìí láti kúnlẹ̀ níbi ibojì ìyá wa. Wọ́n yí gbogbo itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ká, wọn ò rí i. Wọ́n ní: "Ọmọ́dára, ọ̀rẹ́ mi dà? Ẹ ò kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan ni?" Ẹkún ni wọ́n sun padà sílé.

Èmi náà lọ wo orúkọ tí o fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ sórí ibojì náà, n kò lè kà á. Ìrù tí o fi sí L ti fún A lọ́rùn. Òjìji tí o kùn sẹ́yìn wọn sọ lẹ́tà mẹ́fà di méjìlá. Nígbà tí o kọ ọ́, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn nìyẹn." Ṣé ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn ló bí ọ?

Fi kẹrosíìnì nu ìranù yẹn kúrò lónìí. Fi ọ̀dà dúdú kọ LÁNÍKẸ́ gbọọrọ, bíi ti inú Bíbélì mi. N kò fẹ́ kí o ya òdòdó kankan sí i. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò. Parí iṣẹ́ kí o tó fọwọ́ kàn án.

Mo ń lọ sí Ìnísà lọ bẹ Màmá Bọ́ládélé. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni mo ti ń fi Bíbélì kọ́ ara mi ní ìwé. N kò tíì ka orúkọ ìyá wa níbì kankan rí. Mo fẹ́ kà á lọ́jọ́ Àìkú.