Ọkùnrin Tó Wá Wo Ilé Wa, Tó Sì Jókòó

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, baálé ilé, olórí ẹbí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí sí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì nígboro, ẹnu rẹ kò ní ṣì lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Ara ìyá rẹ le, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá. Àbúrò rẹ tí a ń pè ní Àwòkọ náà wà dáadáa, ọmọ ọlọ́gbọ́n ni, ó yẹ kí o ra bàtà tuntun fún un.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. O mọ̀ pé mo ní ká ta ilé yìí, torí yàrá ti pọ̀ ju èèyàn lọ, láti ìgbà tí o ti lọ, bí mo bá wúkọ́, ilé á dá mi lóhùn. Mo wá lọ bá alágbàtà tó ń báni ta ilé. Ó dé, ó gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò pálọ̀ wa, ó sì fi hàn mí. Pálọ̀ inú fóònù yẹn tóbi, àga inú rẹ̀ ń dán. Mo ní kó kúkú ta ìyẹn, kó fi tiwa sílẹ̀ fún wa. Ó rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Kó tó lọ, ó kìlọ̀ fún mi pé bí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, kí n jẹ́ kó rí ilé náà bí ilé ara rẹ̀. O mọ̀ mí, bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, mo ń jẹ́ ẹ dójú àmì. Bí ọkùnrin náà ṣe dé, mo ní kó wọlé kó ti ilẹ̀kùn, èmi àti ìyá rẹ sì bọ́ síta, a wá kanlẹ̀kùn. Ó ní ta ni. Mo ní àlejò ni wá. Ó ní ká wọlé, àmọ́ ká nu ẹsẹ̀. Ìyá rẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó rọra, a ń tajà lọ́wọ́.

Ó jókòó sórí àga mi, ó nasẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò ní kíṣìnì, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ó sùn díẹ̀ ní yàrá rẹ, nígbà tó jí, ó ń bá ìyá rẹ wí pé ta ló tan iná sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Inú mi dùn, mo mọ̀ pé ọjà ti tà. Mo wá bi í pé èló ló máa san. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Bàbá, ta ló ń fowó ra ilé ara rẹ̀?”

Ọmọ mi, mo yáa gbé fóònù mi. Mo pe alágbàtà, ó ní bí ara bá ti tu ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀, kí n san owó iṣẹ́ òun.

Láti ọjọ́ náà ló ti wà níbí. Kí á má purọ́, ó ń tọ́jú wa, ó tún páìpù tó ń jò ṣe, àràárọ̀ ló ń béèrè bóyá orúnkún mi sùn dáadáa. Àmọ́ lánàá ó pè wá jókòó, ó ní àwa ayálégbé rẹ̀ kò tíì san owó ilé. Jọ̀wọ́, tètè fi owó ilé ránṣẹ́, kó má bàa lé wa jáde nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Ibi tí o bá ń gbé, o ò ní di àlejò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Bàbá kọ́ ló kọ ìwé yìí, èmi Àwòkọ ni. Tí mo bá fi orúkọ mi kọ ọ́, ẹ ò ní kà á kọjá ìkíni. Bàbá ò sì lè kọ irú ẹ̀ láé, torí wọn ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn lọ mọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n jọ ń ta dráfù ní pálọ̀, ó ń jẹ Bàbá mọ́lẹ̀, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má wulẹ̀ fowó ránṣẹ́. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì tètè dé. Lánàá Bàbá ṣèèṣì fi orúkọ yín pè é, ó sì dáhùn.