Èdè Àna Mi, Kí Ọ̀dùnkún Tó Jinná

Vágur, Erékùṣù Faroe,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì.

Sí Malvina, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú sì ti rọlẹ̀ ní Denmark tí o wà. Bí o bá béèrè tèmi, mo wà láàyè, mò ń jẹun, mo sì ń bá ènìyàn jà bó bá yẹ. Afẹ́fẹ́ gbé ilẹ̀kùn ilé àgùntàn lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n àwọn àgùntàn kò bá a lọ.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí pẹ́. Mo ti búra pé n kò ní kọ ọ́ títí ọwọ́ mi yóò fi tẹ ohun tí mò ń wá. Ṣé o rántí ohun tí o sọ lórí fóònù nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ èdè Thailand? O ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ ń sá ẹja, orí yín wo ló fẹ́ gba èdè tuntun?” Mo gé fóònù mọ́ ọ létí. Tísà ni ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣáájú rẹ dé ayé.

Ìwọ náà mọ ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Pranee, ìyàwó Hanus ọmọ mi, bí Rói, mo fi irun àgùntàn wé ọmọ náà, mo tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo gbé e síta kó sùn nínú òtútù, bí wọ́n ti ṣe fún èmi àti ìwọ. Bunsri, ìyá Pranee, rí i lórí fóònù láti Thailand, ó figbe ta. Kò pẹ́ tí Pranee fi gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí Hanus fi lọ bẹ̀ ẹ́ wálé. Nígbà tó tún lóyún, ìyá rẹ̀ ní dandan ni kó wá bímọ lọ́dọ̀ òun. Mo mọ̀ pé bó bá lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní padà mọ́. Hanus á tẹ̀ lé e, ilé yìí á wá ku èmi àti àgùntàn.

O lè ní, ṣebí Pranee gbọ́ èdè wa, kí ló dé tí kò túmọ̀? Ó ní òun kò lè dúró sáàárín ìyá méjì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ títí tí itọ́ gbẹ lẹ́nu mi, ohun tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé mo kí i. Bí ìyá rẹ̀ náà bá pariwo, á ní, “Ìyá mi ń kí yín, mà.” Irú ìkíni wo ni wọ́n ń fi igbe kí?

Láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti gbé ọ̀dùnkún kaná lọ́sàn-án, mo máa ń tan ohùn obìnrin kan tó ń kọ́ni ní èdè wọn nínú fóònù. Á sọ ọ̀rọ̀ kan, èmi náà á sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Bí ọ̀dùnkún bá ti jinná, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, mo jẹ oúnjẹ mi. Nígbà tí Pranee padà dé, ibi iṣẹ́ ẹja ló máa ń wà lásìkò náà, nítorí náà kò fura. Ọ̀rọ̀ tó bá kọ̀ tí kò wọ̀ mí lẹ́nu, àwọn àgùntàn ni mo máa ń lọ sọ ọ́ fún. Tummas onísọ́ọ̀bù gbọ́ mi lọ́nà, ó ní, “Ìyá Hanus, àbí ẹ ti rí ọkọ ní Thailand ni?” Mo ní, “Mo ti rí i. Eyín rẹ̀ sì pé ju tìrẹ lọ.”

Lọ́jọ́ Àìkú kan ṣáájú Kérésìmesì, Pranee jókòó nídìí tábìlì, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi kọjú sí sítóòfù. Mo gbọ́ tí ìyá náà ní, “Tètè wá sílé, kí obìnrin yẹn má tún gbé ọmọ sínú òtútù.”

Mo yíjú padà. Mo fi èdè wọn sọ pé, “Èmi ni obìnrin yẹn.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Pranee. Mo ń bá tèmi lọ: “Mo bí ọmọ mẹ́ta. Wọ́n sùn níta. Wọ́n wà láàyè.” Mo ti rò pé mo borí. Ìgbà náà ni Bunsri sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bu oúnjẹ sọ́mọdé lẹ́nu: “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tiyín nìyẹn. Ọmọ tèmi ńkọ́? Ta ló dáná fún un?”

Malvina, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí obìnrin bá bímọ, ẹ̀gbẹ́ iná ni yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, omi gbígbóná ni yóò máa mu, afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Lọ́dọ̀ wa ńbí, ara Pranee kò tíì balẹ̀ tó fi ń bá wa jẹ ẹja tútù àti búrẹ́dì nídìí fèrèsé. Kò ráhùn, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó lórí fóònù. Gbogbo igbe yẹn, mo rò pé nítorí Rói ni. Nítorí ọmọ tirẹ̀ ló ṣe ń ké, kò sì sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Pranee ti dorí kodò, ó ń sunkún. O mọ̀ mí, èmi kì í bẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Iná wà. Èmi dá. Lójoojúmọ́.” Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn.

Bunsri ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́ta!”

Mo ní, “Ọmọ ọdún mẹ́ta ń dàgbà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ojú fóònù fi ń gbọ̀n. Pranee nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ìyá, ibí ni màá bí i sí.”

Ó ti bí i o, obìnrin ni, ó sì pupa bí edé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Pranee wà nínú yàrá, sítóòfù ń jó lálá, omi atalẹ̀ gbígbóná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń kó èédú, ẹ̀yìn ń dùn mí, inú mi sì dùn. Ní ti ọmọ, n kò tíì gbé e kúrò nínú ilé, nítorí mi ò fẹ́ ìjà. Lánàá, Bunsri wò wá lórí fóònù, ó rí i bí òógùn ṣe bo gbogbo wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń dúró dè? Ẹ gbé ọmọ yẹn síta, ooru fẹ́ pa á.”

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti orúnkún tó le. Kí ilé rẹ tòrò, kí oúnjẹ má wọ́n ọ lẹ́nu, kí ojú wa tún rí ara wa ní ayọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbọ́ràn,
Billa.

Mo gbàgbé: jọ̀wọ́, ra atalẹ̀ tútù ránṣẹ́ láti ìsọ̀ àwọn ará Thailand tó wà ládùúgbò rẹ. Ti Tummas ti gbẹ bí okùn bàtà ògbólógbòó. Bí o bá fẹ́ kí n kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kí wọn níbẹ̀, pè mí lọ́sàn-án, nígbà tí ọ̀dùnkún bá wà lórí iná.