Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Kò Dúró Gba Àdúrà

Ẹ̀yìn Ọjà,
Òmù-Àrán,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi, Àdìó,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé ara le, ṣé wọn ò fi iṣẹ́ pa ọ́ lára? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ojú rẹ ò ní ríbi, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ ò ní padà lẹ́yìn rẹ. Ìyá rẹ kí ọ. Òjò bá iṣu wa rẹ́ lọ́dún yìí, ewúrẹ́ funfun nì sì ti bímọ. Lẹ́tà ni mo kọ, tí mo fi rán Sheriff tó ń wa ọkọ̀ kajú, torí n ò lè pè ọ́ lórí fóònù. Ìwọ gan-an lo wà nínú fóònù náà tí o ń dọ̀bálẹ̀, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í sì í dáhùn ìpè.

O rántí pé nígbà tí a lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé Ògúntúndé, bàbá Àràmídé, ní Ìjàrà-Ìsin, torí ṣòkòtò funfun tí o wọ̀, ìka lo fi kanlẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ògúntúndé, ní òun ò rí àyà àna òun nílẹ̀, àti pé títí òun yóò fi rí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá ọjọ́ ìgbéyàwó fún ìwọ àti Àràmídé. O ní ọ̀gá rẹ ò fún ọ láyè láti padà wá dọ̀bálẹ̀, ni o bá fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní fọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ ni gbogbo wọn, èyí tí o ti wà lóòró, èyí tí o ti tẹ̀ ba, èyí tí àyà rẹ ti kanlẹ̀, èyí tí o ti ń dìde. Pé ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lo kọ fún kọ̀ǹpútà, pé kó so wọ́n pọ̀, kó máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kíákíá, kó má sì dáwọ́ dúró láé. Ó sì gbọ́! Háà, Tìmílẹ́yìn, ìlà mẹ́ta! Èmi bàbá rẹ ń kọ lẹ́tà gbọọrọ sí ọ láti èṣín pé kí o wálé, o ò gbọ́. Bá mi kí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹni tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni.

Nígbà tí ìyá rẹ rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní ta ló ń fún ọ lóúnjẹ, pé ìbàdí á ti máa ro ọ́. Ó gbé àdín, ó fi ra ẹ̀yìn fóònù náà. Èmi ní tèmi tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀ kí aṣọ rẹ má baà dọ̀tí, bí mo bá sì fẹ́ sùn, mo máa ń pa iná rẹ̀ kí o lè sinmi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ọ lọ sí Ìjàrà. Mo wọ agbádá, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo tẹ́ ẹní sáàárín pálọ̀ wọn, mo gbé fóònù lé e, mo tan án. O dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Gbogbo ilé hó yèè. Ìyá Àgbà sún mọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre, ó ní o ó gbó, o ó tọ́, ká tó ṣe àmín, o ti dìde! Ó bi mí pé ta ló ní kí o dìde. Mo ní ìtara ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀, o tún dìde. Nígbà tó sú u, ó ní ó tó, dìde ọmọ mi. Ìgbà yẹn gan-an lo wá nà sílẹ̀ padà. Ògúntúndé ní ẹni tí a kò ní kó dìde tó ń dìde, tí a ní kó dìde tó ń dọ̀bálẹ̀, ṣé irú ẹni tí òun máa fa ọmọ òun lé lọ́wọ́ nìyẹn? Mo dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í, pé ọmọ tó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ láìjẹ láìmu, kí ni wọ́n tún ń fẹ́ lára rẹ̀?

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò bá wa jiyàn. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó jókòó sórí ẹní, ó na ọwọ́ kó lè gbé e lé ọ lórí, bó ti ṣe fún gbogbo ọkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó wá orí rẹ, kò rí i. Ó ní orí ọmọ náà dà, pé nǹkan tútù kan lòun ń bá. Bó ṣe ń fọwọ́ pa á kiri, o pòórá, fọ́tò ewúrẹ́ wa ló yọ sójú fóònù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ lé itan, ó ní kí n máa gbé e lọ. Ó dùn mí, mi ò purọ́.

Nítorí náà gbọ́ mi dáadáa. Mo kọ́kọ́ rò pé kí o fi ìlà kan kún ti kọ̀ǹpútà, kí o lè wà nílẹ̀ títí àdúrà á fi parí, mo sì mọ̀ pé ọgbọ́n rẹ gbé e. Àmọ́ mo rò ó síwá sẹ́yìn, kò lè tó. Fi owó dátà ránṣẹ́, torí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ ti jẹ èyí tó wà níbẹ̀ tán, kí o sì fi díẹ̀ kún un ká fi ra oògùn ewúrẹ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé èmi ni mo ní kí o wá. Bó bá ń jiyàn, kó pè mí, èmi àti ẹ̀ á jọ sọ ọ́. Má wọ ṣòkòtò funfun bọ̀ o!

Ọ̀nà á là fún ọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ ò ní já ọ sọ́nà, ilé tí o fẹ́ kọ́ á tòrò. Ìyá Àgbà ní òun ò ní kú kí òun tó fọwọ́ kàn ọ́, ṣùgbọ́n àgbà ti dé sí i, má dán an wò. Àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí ló ń wá. Gbé e bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lawrence.