Omi Tó Ní Ọ̀tá

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé yàrá tí ẹ ti ń da omi láti ìgò dé ìgò kò tíì jóná? Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ, ìgò kò ní fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ etí aṣọ oníbàárà mi kan, mo ti bẹ onítọ̀hún.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ọ̀rọ̀ òyìnbó inú rẹ̀ tí ń jẹ́ pólárítì ni mo pè títí ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́. O ní omi ní ìhà kan tó jẹ́ pọ́sítíìfù, ó sì ní ìhà kan tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Ọmọ mi, àyà mi já. Mo ní ta ló gbé omi lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, àìsàn wo ni wọ́n bá lára rẹ̀? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí se gbogbo omi ilé, títí kan èyí tí mo fi ń fọ aṣọ oníaṣọ, igi ìdáná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí nọ́ọ̀sì òdìkejì ọ̀nà tó wá là mí lóye pé kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe dá omi nìyẹn, ìhà kan lára ẹyọ omi yìí ń fa ìhà kejì lára ẹyọ yẹn, ni wọ́n ṣe ń dì mọ́ra. Ó ní epo ní tirẹ̀ kò ní pọ́sítíìfù, kò ní nẹ́gẹ́tíìfù, ni omi kò ṣe rí ibi dì í mú. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, a jẹ́ pé epo ni ara rẹ̀ le jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ ọ lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí o ti wálé kẹ́yìn, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìparí lẹ́tà náà ló dùn mí. O ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́ lórí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, pé omi àti epo kì í rẹ́, bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé omi kò lọ́tàá, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá omi wá ọ̀tá, ọmọ ìyá rẹ lo sì fi sípò náà. Mo mọ̀ pé ó jágbe mọ́ ọ níwájú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, kò dáa. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí o wálé, o wo gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, o wo aṣọ funfun rẹ, o sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Gíríìsì yẹn ló rán ọ lọ sílé ìwé. Ó dun èmi náà, n kò ní purọ́ fún ọ.

O tún kọ ọ́ pé ọṣẹ ní orí tó fẹ́ràn omi, ó sì ní ìrù tó fẹ́ràn epo, òun ló ń mú kí àwọn méjèèjì gba ara wọn. Èyí yé mi láìsí nọ́ọ̀sì. O ní ògiri àwọn yàrá kéékèèké inú ara wa, tí ẹ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ìbátan ọṣẹ ni. Mo ti kìlọ̀ fún bàbá rẹ kó yé dúró sínú òjò, kó má baà yọ́. Ó ní láti kékeré lòun ti ń wẹ̀, òun kò tíì dín. Mo wò ó dáadáa, ó ti dín.

Mo wá rò ó pé èmi gan-an ni ọṣẹ tí ò ń wí. Orí mi wà lọ́dọ̀ rẹ nígboro, ìrù mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí mo bá bá a sọ tìrẹ tán, màá tún bá ọ sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá wọn kò tíì kọ́ yín débẹ̀: ọṣẹ a máa tán.

Jọ̀wọ́, mo ń fẹ́ owó ọṣẹ àti ti igi ìdáná. Má fi rán awakọ̀, má sì fi í gba inú fóònù, torí èyí tí o fi gba ibẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù wò, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi bátìrì. Gbé e wá fúnra rẹ, kí o fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́, kí o sì di ọwọ́ náà mú bó ṣe wà. Olúwa kò ní jẹ́ kí omi rẹ gbẹ, kò sì ní jẹ́ kí epo tán nílé yìí.

Bí gíríìsì bá ta sí aṣọ funfun rẹ, bọ́ ọ fún mi. Mo ṣì wà níbí, ọṣẹ kò tíì tán.

Èmi ni,
ìyá rẹ, alágbàfọ̀.