Tíṣà Inú Fóònù Kì í Bínú Lóko

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ọkọ rẹ le? Ohun tí o bá dáwọ́ lé níbẹ̀ yóò yọrí sí rere, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí wọn yóò ti fi ọ́ ṣẹ̀sín. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń bá mi jà bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ sọ. O ní ìṣirò ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, pé bó bá tún ṣubú, òun àti àbúrò rẹ̀ ni yóò jọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọmọ náà jẹun kánú. Ìwọ wá sanwó fún tíṣà tó ń kọ́ni láti inú fóònù, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gbé fóònù náà sórí àga tèmi gan-an, mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, mo gbé omi tútù síwájú rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní òun kò lè mu ún. N kò fẹ́ràn ìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́, ó kàn dákẹ́, ó la ẹnu sílẹ̀, kò pa á dé. Mo ní àgbàlagbà kì í lanu bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọdé. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti lọ, kò dágbére. Mo mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo lọ bá télọ̀ tó ń bá wa fi iná sí fóònù pé kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní ta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣé òun ló ní kó má dágbére?

Bí mo ṣe ń ṣọ́ ọ, mo rí i pé inú ilé nìkan ló ti ń bínú. Lọ́jọ́ tí a gbé e gun òkè lọ sí oko, kò bínú rárá, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Atẹ́gùn ló ń fẹ́. Láti ọjọ́ náà, oko ni kíláàsì.

Níbẹ̀ ni tíṣà ti bi ọmọ pé bí ìlà bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí méjìlá wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mélòó ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ ń mi orí, ó ní ó ń yé òun. Tíṣà gbà á gbọ́, nítorí ojú nìkan ló ń rí. Èmi tí mo dúró tì í rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wa ilẹ̀ bí adìyẹ. Mo ní irọ́ ni, kò yé e. Mo fà á wọ àárín ebè, mo ní iye ìlà tí tíṣà sọ nìyí, ebè méjìlá ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa kà á. Ó rìn dé ìlà karùn-ún, ó dúró, ó wo oko títí. Ló bá sáré padà sídìí fóònù.

“Ọgọ́sàn-án ni, tíṣà. Ìlà márùn-ún jẹ́ ọgọ́ta, irú rẹ̀ mẹ́ta ló wà. Mi ò tiẹ̀ rìn dé ìdajì.”

Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n má pa kíláàsì jẹ mọ́, èmi tí n kò wọ ilé ìwé rí.

O bi mí pé èwo ló dára jù, tíṣà inú fóònù ni àbí èyí tó dúró ti ọmọ. Ti inú fóònù mọ̀wé, ó sì ní sùúrù, ó lè ṣàlàyé ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láìgbóhùn sókè. Èmi, nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti ń wá pàṣán. Ṣùgbọ́n òun kò lè rí ìka ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ọ.

Èsì ìdánwò ti dé. Méjìlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo gbé ìwé náà ká gbogbo ojúlé, mo fi han télọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ ní kí n jọ̀ọ́ kó má ya mọ́ mi lọ́wọ́. Kíláàsì iwájú ni ọmọ rẹ ń lọ, kí àbúrò rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn.

Fi owó ránṣẹ́, kó má kéré. Owó dátà, tí wọ́n ní òun ni oúnjẹ tíṣà, àti owó agboòrùn ńlá, nítorí oòrùn oko ń pa á, ara rẹ̀ máa ń gbóná lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọmọ rẹ ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun ti ṣírò iye ọ̀rọ̀ tí mo sọ láìkà á tán, pé ó ti pọ̀ jù. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ, bí ìwọ náà ṣe mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, igbákejì tíṣà.