Ajọ̀ Gàrí Lẹ́nu Àgbá Wúrà

Ojúlé 16, Ọ̀nà Ara,
Ìjerò-Èkìtì.
9 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ìyá Ìníolúwa, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ará Àkúrẹ́? Ṣé eékún Bàbá Ìníolúwa ti rọlẹ̀? Ìníolúwa fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún ọ.

Rẹ́sìnì tí o tọrọ fún mi ní yàrá ìwádìí yín, èyí tó rí wóńwé bí ẹyin ẹja, ti bómi lọ. O mọ̀ pé nítorí àbúrò mi, Túnmiṣe, ni mo ṣe dà ọ́ láàmú. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi mákúrì kó wúrà jọ, tí ó ń yan án lórí iná, tí ó ń fa májèlé rẹ̀ símú. Ògúntóyè, ọ̀gá àwọn awawúrà ẹgbẹ́ rẹ̀, ní kí n dán tèmi wò lẹ́ẹ̀kan péré: bí rẹ́sìnì bá lè fa wúrà jáde nínú omi sáyánáídì tí a fi rẹ erùpẹ̀, wọn yóò pa mákúrì tì.

Ó sì fà á! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wúrà fi ń lẹ̀ mọ́ rẹ́sìnì nínú àgbá. Ó ku kí a da omi náà sínú kòtò tí a tẹ́ tapólì sí, kí rẹ́sìnì ṣẹ́kù sójú asẹ́. Mo ti ra asẹ́ aláṣọ, irú ti ògì, mo ní kí Túnmiṣe so ó mọ́ ẹnu àgbá. Èmi tó yẹ kí n dúró, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, torí àná ni Pẹ́ńtíkọ́sì.

Nígbà tí mo dé, ajọ̀ gàrí ni mo bá lẹ́nu àgbá. Gbogbo rẹ́sìnì ti gba ojú rẹ̀ kọjá sínú ẹrẹ̀ ìdí kòtò, tòun ti wúrà, kò ṣeé ṣà mọ́. Mo bú Túnmiṣe bí ẹni bú ọmọ ilé-ìwé. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo wọn. Ògúntóyè rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé mi ló pọ̀ jù.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Túnmiṣe mú okùn asẹ́ náà, ó ní kí n máa wo òun. Ó gbìyànjú títí, kò lè ta kókó kan ṣoṣo. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti arúgbó, iṣẹ́ mákúrì ni, ẹni ọdún méjìlélógójì! Ojú ń tì í láti sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá wá ohun tí kò gba kókó. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́ kí n tó mọ̀.

Mo bẹ Ògúntóyè, ó fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì. Jọ̀wọ́, bí rẹ́sìnì bá kù, ìbáà ṣe ìkúnwọ́ kan, fi rán awakọ̀ Ìjerò ní gáréèjì. Èmi ni n ó ta kókó lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ wọ́n ti padà sídìí mákúrì láàárọ̀ yìí, Túnmiṣe sì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bá mi kí Bàbá àti Ìníolúwa. Kí Túnmiṣe tó jáde láàárọ̀, nígbà tí mo gbé bébà kalẹ̀ láti kọ ìwé yìí, ó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kọ ìkíni sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gbé bírò, ó sì rọra gbé e padà sílẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní sinmi,
Fẹ́yìsetán.